Àga Ẹ̀yìn ní Ṣọ́ọ̀ṣì Abúlé Wa

Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́. Nígbà náà, fáìlì àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì wà ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní wọ́n ń kó o bọ̀ ní Adó, a ò sì rí i kó dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Lọ́dọọdún, bó bá kan orí tó dá lé ẹ̀sìn, mo máa ń kọ ọ́ sí pátákó pé ẹ̀sìn a máa so àwùjọ pọ̀, a máa tu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú, a sì máa kọ́ ọmọ ènìyàn níwà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, wọ́n á dà á padà fún mi lọ́jọ́ ìdánwò. Èmi náà á sì fún wọn ní máàkì. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn wà tó sọ pé ọwọ́ tí alágbára fi ń tẹ aláìní mọ́lẹ̀ ni ẹ̀sìn. Mo máa ń sáré ka ibẹ̀ kọjá, nítorí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí.

Ìyá mi kò bá mi gbé ní Ìkẹ́rẹ́. Abúlé kan lójú ọ̀nà Ìsẹ̀ ló wà, níbi tí bàbá mi ti ń dáko kòkó. Ìyàwó kejì ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà, ìyàwó kejì kì í jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ó lè kọrin, ó lè gbàdúrà, ó lè ru iṣu wá lọ́jọ́ ìkórè, ó lè pọnmi fún àwọn tó ń kọ́ ilé àlùfáà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, bí àwọn yòókù bá ń dìde lọ síwájú pẹpẹ, orí àga ẹ̀yìn ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí, wọ́n á dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n fi oúnjẹ jẹ níyà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi tó kó obìnrin méjì sílé ńkọ́? Òun náà kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi jẹ Bàbá Ìjọ. Iwájú ni àga tirẹ̀ wà, tìmùtìmù sì wà lórí rẹ̀. Ẹ bá mi wo irú èyí. Ẹni tó fẹ́ méjì jókòó sórí tìmùtìmù, ẹni tí wọ́n fẹ́ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ìyá mi yìí kan náà ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé, òun àti obìnrin kan tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, ìyàwó kẹta àgbẹ̀ kan. Wọ́n jọ ń lọ sódò, wọ́n jọ ń gbálẹ̀, wọ́n jọ ń nu ibi ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, níbi tí wọn ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ sí bílẹ̀ bá mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn wọ̀nyí da omi títí, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń tẹ̀. Ìyá Kékeré ni mò ń pe obìnrin náà. Ó pọ̀n mí dàgbà ni.

Nígbà tí ìyàálé ìyá mi kú, tí a sin ín tán, ìyá mi ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ń rù nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú.

Ó ní, "Tíṣà, ó ku èmi nìkan nulé. Lọ bá mi bi wọ́n, ṣé wọn á jẹ́ kí n jẹ ẹ́ kí n tó kú?"

Mo lọ bá ìgbìmọ̀ ìjọ. Ọkùnrin mẹ́fà ló jókòó, kò sí obìnrin kan láàrin wọn. Wọ́n ní àfi kí àwọn so ìyá mi àti bàbá mi pọ̀ lákọ̀tun nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìyá mi sì kọ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ní obìnrin tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tó ti fi eékún rẹ̀ nu ilẹ̀ ilé Ọlọ́run, ẹ̀kọ́ wo ló kù tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ? Ọ̀kan nínú wọn, tí gbogbo abúlé mọ̀ pé ó fi obìnrin pamọ́ sí Adó, gbá tábìlì, ó ní òfin ni òfin. Òun ń jẹ Oúnjẹ Olúwa lóṣooṣù. Ìyàwó kan ṣoṣo ló wà nílé rẹ̀, àbí?

Mo padà sí kíláàsì, mo sì fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ibi tí mo máa ń sáré kà kọjá.

Bàbá mi kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní, "Mo ti gbé uṣu lọ, mo gbé oyin lọ, àwọn èèyàn ẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Àgbà bíi tèmi a tún máa ṣe ọkọ ùyàwó?" Mo dọ̀bálẹ̀ títí ó fi gbà. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ó jókòó láàrin àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó ń ka òfin mẹ́wàá bí ọmọdé. Ó sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n dé orí "ìwọ kò gbọdọ̀ ṣe panṣágà", olùkọ́ gbójú sókè wo òun, àwọn ọmọ náà sì yíjú wo òun. Mo fẹ́ lọ bá olùkọ́ náà jà. Ìyá mi di aṣọ mi mú.

Wọ́n so wọ́n pọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí. Ọjọ́ Ìsinmi tí a ń retí wá dé.

Àlùfáà wa rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà, èyí tó wá bá wa ṣe ìsìn wá láti Èmùrè, kò mọ ẹnì kankan. Nígbà tí ó tó àkókò, ìyá mi dìde lórí àga ẹ̀yìn. Ìyá Kékeré dìde tẹ̀ lé e. Ó wé gèlè funfun. Ó dá mi lójú pé ó rò pé ilẹ̀kùn tó ṣí fún ìyá mi ti ṣí fún òun náà, torí kò sí ohun tí wọn kì í jọ ṣe. Ìyá mi ni àwọn àgbà ìjọ ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, wọn ò kíyè sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé, jẹ ẹ́, obìnrin yìí, jẹ ẹ́ kí wọ́n tó mọ̀.

Ó ku ẹni méjì níwájú wọn. Ìyá mi bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Mo rò pé yóò fà á lọ́wọ́ ni.

Ó ní, "Uwọ kọ́." Ohùn rẹ̀ dé ibi tí mo wà. "Ùyàálé rẹ méjèèjì ṣì wà nulé. Padà lọ jókòó."

Gbogbo ìlà náà dúró. Ìyá Kékeré yípadà, ó gba àárín gbogbo ojú yẹn kọjá. Kò jókòó. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó sì tẹ́wọ́.

N kò dúró kí wọ́n ka oore-ọ̀fẹ́ parí ìsìn. Ilé ni mo ti dúró de ìyá mi.

"Yèyé, kí ló dé? Àlùfáà ò mọ̀ ọ́n. Ta ni ì bá mọ̀?"

"Èmi mọ̀," ó ní. Ó ń tú gèlè rẹ̀. "Bó bá kàn dìde tó lọ jẹ ẹ́, kí ni mo wá dúró dè láti ùgbà yí? Kí ni mo lọ fi ojú mi rí láàrin àwọn ọmọdé?"

Mo pariwo mọ́ ọn. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, mo pariwo mọ́ ọn, mo pè é ní ìkà lójú ara rẹ̀. Mo ní òun gan-an ló yẹ kó mọ bí àga yẹn ṣe le tó. Bàbá mi húkọ́ nínú yàrá. Nínú gbogbo ìwé tí mo fi ń kọ́ni, n kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta ni yóò di ilẹ̀kùn náà mú jù bó bá wọlé tán, inú sì bí mi sí àwọn ìwé náà pẹ̀lú.

Ìyá mi jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ká gèlè náà, ó gbé e lé itan.

Ó ní, "Tíṣà, ọjọ́ tí o lọ bá wọn nígbìmọ̀, ṣé o dárúkọ rẹ̀?"

Mo sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọkùnrin mẹ́fà yẹn títí oòrùn fi wọ̀. Mo sọ ti ìgbálẹ̀ ìyá mi, mo sọ ti eékún rẹ̀, mo sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. N kò dárúkọ Ìyá Kékeré lẹ́ẹ̀kan. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.