Ọkọ̀ Ogun Tí Mo Fi Àyè Ìrán Gé

Aṣọ ni mo ń rán ní àdúgbò Akron, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, láti ìgbà ọmọge mi. N kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ ibi tó yẹ kí àlùmọ́gàjí gbà. Ìdí nìyẹn tí àbíkẹ́yìn mi fi gbé ọ̀rọ̀ ogun wá bá mi.

Obìnrin ni, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun àti àwọn tíṣà ọkùnrin mẹ́ta máa ń pàdé nílé wa lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n á kó abọ́ kúrò lórí tábìlì ìjẹun mi, wọ́n á to ilé kéékèèké sí i, wọ́n á tẹ́ aṣọ búlúù kan kó di odò, ogun dé nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun wọn kò ju èékánná lọ. Wọ́n á ju ẹyọ lúdò, wọ́n á fi mẹ́tà, okùn ìwọnṣọ mi, wọn ilẹ̀, wọ́n á pariwo. Èmi á gbé omi fún wọn. N kì í bi wọ́n léèrè ta ló ń bá ta jà.

Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá gbé ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀, èyí tó ní ìbọn lórí, wá láti ilé ara rẹ̀ kò ní jà. Ọmọ mi kò sì ní. Oṣù méjì gbáko, mẹ́tà ló ń bá wọn dì mú. "Màdáàmù, ẹ wọn ibí fún wa. Màdáàmù, ẹ wọn ọ̀hún." Ó ti fi páálí ṣe ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yìí mọ ìlà títọ́ fà, ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí kì í gbọ́ tirẹ̀. Èkíní dà bí akàn tí wọ́n tẹ̀ pa. Èkejì, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, n kò sì bá ewúrẹ́ wí.

"Màmá, wọ́n ní tí n kò bá gbé e wá ní Sátidé yìí, àwọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi."

"Ta ni ẹlòmíràn?"

"Tíṣà eré ìdárayá."

"Èyí tó wọ ṣòkòtò péńpé wá kí mi? Gbé pátírọ́ọ̀nù tí o fi ń gé e wá."

Ìwé kan ni, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ kan ní Tokpota. Wọ́n ya gbogbo ara ọkọ̀ náà sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀gbẹ́, ìdí, orí, bí ìgbà tí a bá tú ẹ̀wù palẹ̀. Inú mi dùn. Wọ́n kọ Faransé sí etí rẹ̀, n kò lè kà á, ọmọ mi sì ti lọ máàkì ìwé ìdánwò. Mo fi ìwé náà lé páálí bisikí, mo fi ẹfun aránṣọ yà á, mo fi àyè ìrán sílẹ̀ yíká, ìbú ìka kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí mo ti ń ṣe fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá gé aṣọ lórí ìlà gan-an, oníbàárà ni yóò sọ ohun tó ṣe fún un.

Tó bá jẹ́ aṣọ, èèyàn á ṣẹ́ àyè ìrán sínú, kò ní hàn. Páálí kọ̀. Mo ṣẹ́ ẹ, ó ta padà. Mo fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́, ó ń rùn. Ni mo bá fi gọ́ọ̀mù lẹ etí mọ́ etí bó ṣe wà, gbogbo ohun tó yẹ kó wọnú ló wá di ara, ọkọ̀ náà sì sanra. Mo fi bọ́tìnì kóòtù ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Bíìkì ìkọ̀wé tó ti gbẹ ni mo fi ṣe ẹnu ìbọn. Ó le dáadáa. Mo gbé ife omi lé e, kò wó.

Ọ̀sán Sátidé ni ọmọ mi tó rí i. Ó wò ó títí.

"Màmá, ẹ ò gé e lórí ìlà."

"Ta ló ń gé nǹkan lórí ìlà?"

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an nìyẹn."

"Kí n bá ẹ dín in?"

"Páálí ni, Màmá. Wọn kì í dín páálí."

Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn.

Tíṣà ìtàn ni olórí wọn. Ó fi ọkọ̀ tirẹ̀, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. "Màdáàmù, ọkọ̀ ogun nìyí àbí pósí?"

"Ó lóyún ni," tíṣà kejì dáhùn. "Ẹ rọra fọwọ́ kàn án."

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Ilé mi ni mo ti gbé e wá. Ibo ni òfin ti ní kó má sanra?"

Wọ́n ṣí ìwé òfin. Wọ́n rí bí irin ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, wọ́n rí ibi tí ọta lè dé. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ ìsanra. Tíṣà ìtàn ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, kò kúkú ní lọ jìnnà.

Afárá kan ṣoṣo ló wà lórí odò wọn, igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ṣọgbà sí i lọ́tùn-ún lósì. Tí ọmọ ogun tíṣà ìtàn kan bá rékọjá kí yípo mẹ́fà tó pé, ó ti borí; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi ló borí. Ní yípo kejì, ọmọ mi ti ọkọ̀ mi sórí afárá. Ó dé àárín, ó há pin-pin.

"Ó há!" Tíṣà ìtàn pàtẹ́wọ́. "Ẹ yọ ọ́ kúrò, èmi mùsíyé fẹ́ kọjá."

"Kí ni màá yọ ọ́ fún? Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Ibo ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà?"

"Ẹ bi odò léèrè."

Tíṣà ìtàn ju ẹyọ láti yìnbọn fún un. Ó rí méjì. Ó tún jù, ó rí ení. Ní yípo karùn-ún ó rí mẹ́fà, ó fò sókè: ọkọ̀ mi ti kú! Ọmọ mi rọra ṣí ìwé òfin, ó kà á fún un pé ọkọ̀ tó bá kú, ibi tó kú sí ni yóò wà. Yípo kẹfà parí, kò sí èèrà tó rékọjá.

Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ lójú mi. Tíṣà ìtàn ní àfi kí wọ́n fi òfin tuntun kún un: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju afárá lọ. Ọmọ mi ní kí wọ́n gbé ìwé wá, pé ọmọ ẹgbẹ́ ló ń kọ òfin. Ó kọ ọ́, ó sì fa ìlà sí i nídìí, ìlà rẹ̀ tọ́.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́ òfin náà?" ni tíṣà ìtàn bi mí.

Mo ní mo gbọ́, àmọ́ kó gbé afárá náà sún mọ́ mi kí n gba ìwọ̀n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé afárá kan wà.