Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Sọ Pé Ẹ̀wà Ń Pẹ́ Níkùn

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ohun kan yé wa: èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní yàrá tí a ti ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn nípa oúnjẹ, ní ọsibítù ìjọba tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún ní Àkúrẹ́. Birikìlà kan láti Arakale ló jókòó síwájú mi. Bùkọ́lá, tó jẹ́ igbákejì mi, wà lẹ́yìn, ó ń to fáìlì. Birikìlà náà ní, "Mà, tí n ò bá jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, kí ni mo fẹ́ fi gun àkàbà?"

Mo ní, "Jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà á pẹ́ níkùn rẹ ju ẹ̀bà lọ."

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín, ó fa jọ́tà rẹ̀ yọ, ó kọ nǹkan sí i. Mo rí i. N ò bi í léèrè ohun tó ń kọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe.

Ọmọ Ìta-Ògbólú, nítòsí Àkúrẹ́ níbí, ni Bùkọ́lá. Ìwé ẹ̀rí pólì ló mú wá sí ẹ̀ka wa. Èmi ní oyè yunifásítì méjì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó pe iṣu ní "uṣu" níwájú dókítà àgbà. Mo dúró títí dókítà fi jáde.

"Níbí, iṣu là ń pè é."

"Ẹ má bínú, mà. Ṣùgbọ́n uṣu ni àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì níta yẹn ń jẹ."

Mo kọ́ ọ níṣẹ́ náà, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Mo kọ́ ọ pé a kì í bi aláìsàn pé "Kí lẹ máa ń jẹ?" torí wọn yóò dáhùn bí ẹni tó wà níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí à ń bi wọ́n ni pé kí lẹ jẹ lánàá, ta ló sè é, ta ló sì kó àwo. Ẹni tó kó àwo ló mọ iye tó kù nínú rẹ̀, òun ló ń mú kí òótọ́ jáde. Gbogbo èyí ni mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa díẹ̀, kí ẹ lè mọ iye ohun tí wọ́n mú lọ lọ́wọ́ mi. Iṣu, gààrí, ìrẹsì, búrẹ́dì, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀: gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ ò fi hóró ṣúgà kan sí i. Bí wọ́n ṣe ń yára tó ni wọ́n fi yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti sẹ́ títí tó fi funfun, kíá ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí èèpo àti èèrí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà. Ẹni tó bá ń fi èyí tó ń yára kún inú lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá tí kì í rìn, tí àtọ̀gbẹ sì wà nínú ìdílé rẹ̀, ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ irú oúnjẹ yìí mọ́. Èwo lẹ ń jẹ nínú rẹ̀, báwo ló sì ṣe tóbi tó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, orúkọ tí wọ́n ń pe irú oúnjẹ tó ń di ṣúgà yìí ní Yorùbá ni "oúnjẹ afúnnilókun". Òun náà ni mo tẹ̀ gàdàgbà sórí ìwé tí mo ń pín fún àwọn aláìsàn: Ẹ DÍN OÚNJẸ AFÚNNILÓKUN KÙ. Mo fẹ́ràn ìwé náà. Àmì ohùn pé lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ọ̀kan nínú rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú Oǹdó. Bọ̀dá Wálé nìkan ló kù fún mi nínú àwọn ọmọ ìyá mi; tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá wa, lẹ́yìn tó ti gba ojú wọn. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá náà ti dé ibi tí àwa ń pè ní ẹnu ààlà, ẹ̀rù bà mí. Ẹnu ààlà kò tíì di àìsàn, ṣùgbọ́n ó ti ń yọjú wo àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè padà sẹ́yìn, ó sì lè sọdá. Mo fún wọn ní ìwé mi, mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà dé, ṣúgà ti gòkè sí i.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ka ìwé tí mo fún yín?"

"Mo kà á. Ìwé dáa. Kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀."

"Ẹ wá ń jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?"

"Ó ń rẹ̀ mí ni, Fọlákẹ́. Tó bá rẹ èèyàn, kí ló yẹ kó jẹ? Ìwọ lo kọ ọ́ pé òun ló ń fúnni lókun. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, o ní kó dín okun kù. Kí n wá máa fi kí ni dìde nílẹ̀?"

Mo bínú. Mo ní agídí ló ń ṣe wọ́n.

Láàárín ìgbà yẹn ni Bùkọ́lá gbé káádì kan wá síbi iṣẹ́, apá kan pupa, apá kejì àwọ̀ ewé. Lórí pupa ó kọ "Akánjú-di-ṣúgà": búrẹ́dì funfun, gààrí, ìrẹsì tí wọ́n ti bó, iyán tó ga bí òkè. Lórí àwọ̀ ewé ó kọ "Apẹ́níkùn": ẹ̀wà, ọkà bàbà, ìrẹsì ọ̀fàdà, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ẹ̀fọ́ tó kún àwo. Mo ka Apẹ́níkùn lẹ́ẹ̀mejì.

"Níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Lẹ́nu yín ni, mà. Ọjọ́ birikìlà yẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń kí mi kú iṣẹ́. "Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Mo wo ìsàlẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni "Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ṣe sọ". Ọ̀gá wo? Ọ̀gá pọ̀ ní Àkúrẹ́ bí ọ̀kadà.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ lẹ́tà sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ lórí àtọ̀gbẹ. Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Wọ́n rí káádì yẹn, wọ́n pe Bùkọ́lá. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi buwọ́ lu ìwé àyè ọjọ́ kan tó gbà. Mo wọ takisí lọ síbẹ̀, mo jókòó lẹ́yìn. Ó ń sọ "uṣu", ó ń sọ "uyán", àwọn ará Àkúrẹ́ ń mirí bí ẹni tó ti dé ilé. Nígbà tó ṣe tán, wọ́n ń tò láti bá a ya fọ́tò. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ dìde, pé àwọn èèyàn olùbánisọ̀rọ̀ ló ni àga náà.

Mo kọ ẹ̀sùn sí ọ̀gá àgbà wa, ojú ewé mẹ́rin. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin, ta ni ẹ sọ pé ó ni 'pẹ́ níkùn'?"

"Èmi ni, sà. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀."

"Ìyá mi ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí yín."

Ó fi lẹ́tà náà sínú dúróò, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Èyí tó dùn mí jù kò tíì dé. Bọ̀dá Wálé pè mí láti Oǹdó, ara wọn yá gágá.

"Ọmọbìnrin kan láti ọsibítù yín wá bá ẹgbẹ́ àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀. Ó bi wá pé tí a bá jẹ búrẹ́dì ní aago méje, ìgbà wo lebi ń dé. Mo ní kó tó di mẹ́sàn-án. Ó ní ẹ̀wà ńkọ́? Mo ní ó di ọ̀sán gangan. Ó ní, 'Bàbá, nínú méjèèjì, èwo ló wá ń fún yín lókun?' Fọlákẹ́, mo ní ẹ̀wà ni."

"Kí lẹ wá ń jẹ báyìí?"

"Mo ti ní kí wọ́n má sẹ́ ògì mi mọ́, kí wọ́n sè é tèèrítèèrí. Ṣé o mọ̀ pé ewúrẹ́ la ń kó èèrí tó dáa yẹn fún látijọ́? Iyán mi ò ju ìkúùkù kan lọ, ẹ̀fọ́ ló yí i ká. Mo sì ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti yọ ìwé rẹ lára ògiri."

"Ẹ yọ ọ́ kẹ̀?"

"Káádì ọmọ yẹn ló wà níbẹ̀. Má bínú. Ó ní àwọ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú ìwé mi, mo kà á sókè gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, n kò kà á bí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ dín oúnjẹ afúnnilókun kù. Ọjọ́ yẹn ló yé mi ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn tó ń rẹ̀: pé kí wọ́n sá fún ohun tó ń fúnni lókun. Ta ló máa gbọ́? Mo mọ iye ìgbà tí Bùkọ́lá ṣẹ̀ mí, mo lè kà á fún yín. N ò lè ka iye èèyàn tó gba ìwé yẹn lọ́wọ́ mi, tí wọ́n sì gba ilé lọ gún iyán.

Mo tẹ ìwé tuntun. Apẹ́níkùn ló wà lórí rẹ̀. Orúkọ àwa méjèèjì wà nísàlẹ̀, torí ẹni tó ń fẹ̀sùn olè kan ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jalè. Tèmi ló ṣáájú.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta mìíràn pé, Bọ̀dá wọ ọkọ̀ àárọ̀ láti Oǹdó wá láìjẹun fún àyẹ̀wò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì fún mi ní èsì nínú ìwé tí wọ́n ká ní mẹ́rin. Bùkọ́lá dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí òótọ́ ni mo fi ń bá gbogbo èèyàn jà. Kí n tó tú ìwé náà, ohun kan nínú mi ń fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn má tíì wálẹ̀. Èmi, ọmọ ìyá wọn, tí mo di ìyá wa lọ́wọ́ mú yí ilé ká nígbà tí ojú wọn lọ. Mo fẹ́ kó kùnà, kí n lè yíjú sí ẹnu ọ̀nà, kí n ní ṣé ẹ rí i báyìí, káádì kì í ṣe ìmọ̀.

Mo tú u. Ó ti kúrò ní ẹnu ààlà, ó ti padà sẹ́yìn.

"Mà, kí ló wí?"

"Ó ti wálẹ̀."

Bùkọ́lá pa ojú dé, ó ní "A dúpẹ́," ó sì lọ bá àwọn tó ń dúró dè é.

Bọ̀dá ti tú mọ́ínmọ́ín wọn lórí bẹ́ńṣì níta. Mo fi èsì náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Ṣé inú rẹ dùn?"

"Inú mi dùn, Bọ̀dá."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú dídùn kọ́ ló kọ́kọ́ dé.