Èso Inú Páálí

Bọ̀dá Ọ̀dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ọ̀dà kì í kúrò léèékánná rẹ̀. Àwòrán àti lẹ́tà ara ògiri ni iṣẹ́ rẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gíga. Gíga a máa kun apá òkè, òun a máa kun ìsàlẹ̀, wọn a sì pàdé láàárín. Bí oòrùn bá mú, wọn a jókòó sẹ́bàá ògiri, wọn a jọ jẹun nínú abọ́ kan.

Ògiri ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu eléso ni wọ́n ń kùn lọ́wọ́ nígbà tí Gíga sùn tí kò jí mọ́. Wọ́n sin ín. Bọ̀dá Ọ̀dà ò sunkún. Ó yá àkàbà, ó ń parí apá òkè lọ.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti wù ú jẹ mọ́. Abọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá dì fún un láàárọ̀, bó ṣe lọ náà ló ń padà bọ̀. Ohun mímu inú páálí tí ilé iṣẹ́ náà ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń mu ṣáá, torí pé kò la wàhálà lọ. Kò gba kéèyàn rún un lẹ́nu.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ṣé oúnjẹ mi ti di májèlé ni?"

"Rárá. Mo ti jẹ èso."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òòyì kọ́ ọ lórí àkàbà. Ìgbà tó máa mọ̀, ilẹ̀ ló wà. Kò fi ibì kankan ṣẹ́, àmọ́ wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ sì sáré dé. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ máa ń jẹ?"

"Èso."

"Irú èso wo?"

"Èso inú páálí."

"Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ mi o!" ni ìyàwó rẹ̀ ké.

"Ṣebí wọ́n ya ọsàn sí i lára," ni Bọ̀dá Ọ̀dà wí. "Èmi gan-an ni mo ya ti ara ògiri wọn."

"Ẹ mọ̀ pé ọ̀dà ni, nígbà náà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Fítámì wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ omi àti ṣúgà ló pọ̀ jù. Wọ́n ti sẹ́ háríhá ẹ̀ dànù, ìdí nìyẹn tí ṣúgà ẹ̀ fi ń sáré wọnú ẹ̀jẹ̀. Kárọ́ọ̀tì tútù ńkọ́? Kùkúḿbà ńkọ́? Ṣúgà inú wọn ò tó nǹkan, háríhá wọn sì ń dúró nínú ikùn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti ga. Ẹ jáwọ́ nínú páálí."

Ó gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ìlú tí kò dé rí.

Ìyàwó rẹ̀ ò di abọ́ fún un mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a nídìí ògiri, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì tó ti fọ̀ tó sì gé wẹ́wẹ́. Á jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó ń dún."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bọ̀dá Ọ̀dà ń rún tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì kí i kú oríire, Bọ̀dá Ọ̀dà sì ní ẹ ṣé. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó ṣe ń jẹ kùkúḿbà, ó ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Kò sẹ́ni tó kí mi."

"Nítorí kí ni?"

"Ti Gíga."

Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ọkọ mi."

"O ṣé," ló wí. Ó ń retí kí ẹkún dé. Kò dé. Ó mú kùkúḿbà mìíràn, ó dá a sí méjì, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ìlàjì.