Àga Tí A Gbé Sí Ẹ̀gbẹ́ Títì

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí ọmọbìnrin mi fi dé pẹ̀lú òòlù. Aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Daddy," ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹrù tó wà níta.

Ẹrù mẹ́ta ni: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, àti àga ìrọ̀gbọ̀kú ìyá rẹ̀. Ọmọ mi ló fi fóònù rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá kó wọn. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, wọ́n ní kí ẹrù ti wà níwájú ilé kí aago méje tó lù. Ìyàwó mi ti kú láti oṣù mẹ́rin. Mo gbà kí bẹ́ẹ̀dì lọ. Mo gbà kí kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Àga yẹn ni ọkàn mi kò gbà, mi ò sì sọ ọ́. Nígbà tí àìsàn ọkàn kò jẹ́ kí ìyàwó mi lè dùbúlẹ̀ mọ́, orí àga náà ló ti ń sùn, níbẹ̀ ló sì kú sí. Mo fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ti ibi iṣẹ́ sáré wá tún ilé mi ṣe, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ó ti ṣe àṣejù?

Òòlù náà nídìí. Nínú ìjọ wa, ohun tí òkú bá lò kì í dé ọwọ́ àjèjì ní odindi. Mo mọ obìnrin kan ní Woolwich tó fi ayùn gé gbogbo bàtà ìyá rẹ̀ sí méjì kó tó dà wọ́n nù.

"Daddy, àwọn tó ń fi van kiri máa pick gbogbo ẹ̀," ọmọ mi wí. "Ẹni tí a ò mọ̀ á lọ sùn sórí bed Mummy. God forbid!"

Ó fa ọ̀bẹ yọ nínú báàgì, ó sì la mátírẹ́ẹ̀sì láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń la ẹja. Irin inú rẹ̀ ta jáde, ọ̀kan ya á lápá. Kò dúró. Powis Street ni èmi àti ìyàwó mi ti ra bẹ́ẹ̀dì yẹn, nígbà tí a kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú òyìnbó yìí. Àwa fúnra wa la rù ú lórí dé yàrá tí a ń gbé. Òun ló wà níwájú, tó ń kígbe pé, "Akọ̀wé, ẹ gbé ẹsẹ̀! Ṣé wọn ò kọ́ yín ní ẹrù rírù ní yunifásítì?"

Ọmọ mi bọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń lù ú bí ẹni tó mú olè. Pákó fọ́, ìṣó fò, dígí inú rẹ̀ sì tú ká sórí kọnkéré. Ó ń sunkún, ó ń lù ú. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ka ìró òòlù náà sára bí ẹni tí wọ́n ń nà.

Ó wá kan àga. Ó gbé òòlù sókè. Ibi tí orí ìyá rẹ̀ máa ń fara tì ti dúdú, ìpara irun ló kùn ún. Ó wò ó pẹ́, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Daddy, mi ò lè ṣe é. Ẹ̀yin ẹ bá mi fọ́ ọ."

Mo gba òòlù.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan yà wá láti títì Harrow Manorway, ó dúró. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Bàbá, ẹ má fọ́ èyí, màá gbé e," kí n sì tó dáhùn, àga ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi di ẹsẹ̀ àga mú. "Leave it!" Ọkùnrin náà fà á. Ọmọ mi ṣubú sórí dígí, eékún rẹ̀ méjèèjì là.

Mo lu ọkùnrin náà. Òòlù bá a léjìká. Ó yíjú padà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ bà mí lẹ́nu, mo sì tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo tún lù ú, ó bá ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe dún. Àga bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, apá òsì àga náà sì kán. Mo gbé òòlù sókè lẹ́ẹ̀kẹta sí orí ọkùnrin náà.

"Daddy, dúró! Má pa á!"

Ọmọ mi kò pè mí ní "ìwọ" rí. Ọwọ́ mi dúró lókè. Mo rí ojú ọkùnrin náà: ẹ̀rù mi ń bà á. Ní yunifásítì, mo máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lábẹ́ igi máńgòrò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ jà. Ọ̀rọ̀ tèmi kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń ṣépè bó ṣe ń gun ọkọ̀. "Nítorí àga tó ti gbó! Wèrè ni yín!" Ó lọ.

"Mi ò fẹ́ kí àga yìí lọ," mo wí.

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ eékún rẹ̀, ó wò mí. "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"O ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹrù tó kù."

"Daddy! Nítorí yín ni mo ṣe kọ ọ́. Mo rò pé ẹ ò ní lè máa wò ó."

A gbé àga náà wọlé, àwa méjèèjì, apá kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀.

Àwọn akẹ́rù ìjọba ìbílẹ̀ dé lẹ́yìn aago méje. Ọ̀kan nínú wọn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan, àga kan. Níbo ni wọ́n wà?"

Ọmọ mi na ìka sí òkìtì náà.

"Madam, èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Àwa kì í kó àfọ́kù, dígí àti ìṣó á ya wá lọ́wọ́. Ta ló fọ́ ọ báyìí?"

"Àwa náà ni," mo wí. Ó wo ètè mi tó wú, ó wo òòlù, ó sì rọra padà sínú ọkọ̀. A fọ́ ẹrù kí ẹnikẹ́ni má baà kó o, ẹnikẹ́ni kò sì kó o.

Òjò pa á fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó fi àpò kó o tán. Mo retí ọlọ́pàá, wọn kò wá. Orí àga náà ni mo ti ń kọ èyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìgbọ̀nwọ́ mi òsì ṣì máa ń wá ibi tí yóò fara lé. Bí ọkọ̀ akẹ́rù funfun bá sì ń kọjá, mo máa ń dìde wo ẹni tó ń wà á, bóyá ọwọ́ méjèèjì ló fi di ìdarí ọkọ̀ mú.