Kànga Tí A Bò Pa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ń ṣan aṣọ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, nídìí ẹ̀rọ omi inú àgbàlá nígbà tí nǹkan bú gbàmù lápá òkè. Ìbọn tẹ̀lé e. Kí n tó fún aṣọ náà tán, ẹ̀rọ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

Ìlú kan lókè Ọya la wà nígbà náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ẹ sì mọ̀ wá: ibi tí ọjà bá wà là ń tẹ̀dó sí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kì í ṣe oníṣòwò. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń fa omi ìlú láti odò. Ó fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé rẹ̀ nídìí oúnjẹ: ẹ̀rọ á fa omi, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, á gun táǹkì orí òkè, páìpù ńlá kan á sì gbé e wá fún gbogbo wa. N kò béèrè rí pé bí páìpù kan náà bá já ńkọ́. Òun náà kò béèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ wú u lórí débi pé ó ní ká da kọnkéré bo kànga àgbàlá.

"Ta ló tún ń fa okùn láyé yìí?"

A rẹ́rìn-ín, a bò ó pa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló jẹ́ dán irú rẹ̀ wò níwájú ìyá mi?

Páìpù ńlá yẹn ni àwọn tó ń jà fọ́. Lọ́jọ́ kejì, omi kòkò wa tán, ọkọ mi kò sì tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ìgbẹ́ gbuuru dá Àbẹ̀kẹ́ dúbúlẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún láìsí omijé. Ìyá Ràfíù, ará Ìrẹsà tí a jọ ń gbélé, gbé òòlù wá sídìí kànga.

"Ìyá Ràfíù, bí a bá lù ú, wọ́n á gbọ́ pé èèyàn wà nínú ilé."

"Ìgbà tí ìbọn bá ń dún ni ká máa lù ú, Ìyá Àbẹ̀kẹ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Bí ìbọn bá ró, a ó lu kọnkéré. Bó bá dá, a ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó nípọn. Ọkọ mi ló po sìmẹ́ǹtì rẹ̀, kò sì ṣahun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ku díẹ̀ kí ó lu. Ìbọn dákẹ́. A dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Àbẹ̀kẹ́ kò lè gbórí mọ́. Mo kúnlẹ̀ ti kànga, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìbọn dún.

Kò dún. Mo gbé òòlù, mo lù ú nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó wá. Kọnkéré já, ó bọ́ sómi. A fi aṣọ tí mo fà ya so agolo, a fa omi, a sè é, a fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí i, a ń fi ṣíbí fún un títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó tún sunkún, omijé jáde.

Ìjà ti parí láti àárọ̀. A ò mọ̀. Ọkọ mi fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ karùn-ún. Ó rí ihò náà, ó jókòó tì í.

Ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí ní ẹ̀rọ, ó sì ní kànga. Àràárọ̀ ni ọkọ mi ń ṣí ọmọrí rẹ̀ wò títí tó fi kú. Àwọn ọmọ Àbẹ̀kẹ́ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyá àgbà kò fọkàn tán ẹ̀rọ. N kì í bá wọn jiyàn. Àdúrà ọjọ́ yẹn ni n kò tíì sọ fún wọn. Ojú ń tì mí. Ìbọn tí mo tọrọ, ara ọmọ ẹlòmíràn ni ì bá wọ̀.