Bàbá Yẹ̀ẹ́wò àti Epo Tí Kò Fọkàn Tán

Kò sí ọlọ́kadà kan láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n tí kò mọ ìtàn ìgò Bàbá Yẹ̀ẹ́wò. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ dùn jù. Ṣùgbọ́n Sherifdeen, mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Arámọkọ, wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn Bàbá Yẹ̀ẹ́wò, tó ti di olóògbé báyìí, gan-an ló tò sí.

Epo wọ́n lásìkò yẹn. Ilé epo kan ṣoṣo ló ń tà ní Ìjerò, àwọn èèyàn sì ti tò láti àárọ̀. Nígbà tó kan Bàbá Yẹ̀ẹ́wò, ẹni tí ìyá rẹ̀ sọ ní Elijah, ó ṣí tánkì ọ̀kadà rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó padà. Ó fa ìgò funfun kan yọ lábẹ́ ẹ̀wù.

"Ọmọ mi, kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú eléyìí ná."

Peace, ọmọbìnrin tó ń ta epo, wo ìgò, ó wo bàbá. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra epo ni àbí ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò?"

"Mo fẹ́ mọ irú ẹni tí mo ń mú wọlé."

Ó na ìgò náà sí oòrùn, ó gbé e kalẹ̀ sórí ìjókòó ọ̀kadà, ó wá káwọ́ lẹ́rán. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó yíjú sí wọn. "Ẹ ní sùúrù. Epo àti omi kì í gbé yàrá kan kí wọ́n má jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀, ọ̀kan á tú àṣírí èkejì."

Àfi bí omi ṣe jókòó sí ìdí ìgò náà lóòótọ́. Ojú Bàbá Yẹ̀ẹ́wò dán. Àwọn tó ń bú u tẹ́lẹ̀ wá kọjú ìbínú sí ilé epo. Mánéjà sáré jáde, ó bu epo kan náà sínú ife gbígbẹ, gbogbo èèyàn wò ó: epo mọ́ lóló, kò sí omi kankan. Mánéjà mú ìgò bàbá, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Bàbá, ìgbà wo lẹ fọ ìgò yìí kẹ́yìn?"

Bàbá ronú díẹ̀. "Ìyàwó mi ló fọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí."

Gbogbo ìlà náà rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Yẹ̀ẹ́wò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ta ló rán an níṣẹ́ ìgò fífọ̀?"

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, á ti kọ́ọ̀kì tó ń dá epo dúró ní ìdí tánkì pa, á tú ìdè abẹ́ kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pàdé atẹ́gùn, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ lè kán sínú àwo funfun, á yọ fílítà, á fẹ́ ẹ, á sì gbóòórùn họ́ọ̀sì epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ajá tó ń tọpa òkété. Iṣẹ́ gidi ni, ọ̀kadà rẹ̀ sì pẹ́ láyé ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àléébù ibẹ̀ ni pé kò gbà pé ìdọ̀tí lè dá wá fúnra rẹ̀. Ìdọ̀tí yòówù tó bá rí, ó gbà pé ẹnì kan ló fi í síbẹ̀.

Sherifdeen ló sì sábà máa ń jẹ́ ẹni náà. Bí bàbá bá gbé ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kí gbogbo ohun tí wọ́n bá tú lè wà lójútáyé. Á wá jókòó síwájú mẹkáníìkì bí adájọ́. Lọ́jọ́ kan, bí Sherifdeen ṣe yọ jẹ́ẹ̀tì, ohun kékeré tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá nínú kábúrétọ̀, ni ó sín. Nígbà tó la ojú, bàbá ti dìde dúró.

"La àtẹ́lẹwọ́ rẹ."

Sherifdeen là á. Jẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀. "Bàbá, ó jábọ́ ni. Àbí ẹ rò pé mo gbé e mì?"

"Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ya ẹnu."

Inú àpò ẹ̀wù bàbá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ó ní kí Sherifdeen ṣàlàyé bó ṣe gbé e débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín nígbà gbogbo. Lọ́dún kan, ọ̀kadà bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Bó bá ti gun òkè díẹ̀, á kú. Bó bá sinmi, á tún jí. Bàbá kọ́kọ́ fura sí epo. Ó pààrọ̀ ilé epo, ó tún kú. Ó wá lọ bá Ìdòwú, alága ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà, ó ní Sherifdeen ti yọ ojúlówó kábúrétọ̀ òun, ó sì ti fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà káàkiri. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú Sherifdeen kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kí i mọ́. Nurat ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún un, ó sì béèrè láì wo ojú rẹ̀ pé, "Ṣé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀?" Sherifdeen dìde nídìí oúnjẹ náà.

Alága ní kí àwọn méjèèjì jọ gun ọ̀kadà náà lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Bàbá wà á, Sherifdeen jókòó lẹ́yìn. Wọ́n dé àárín òkè, ọ̀kadà kú.

"O rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ," ni bàbá wí.

Sherifdeen sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí ìdérí tánkì. Bó ti ṣí i, atẹ́gùn wọlé pẹ̀lú ìró "fíì", bí ẹni tó ti di èémí mú tipẹ́. Ó ta ọ̀kadà, ó jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wá yí ìdérí náà wò: ọ̀rá ni ẹnì kan ká sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi àbẹ́là yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ pinpin.

"Bàbá, ihò kékeré tó wà níbí ni tánkì fi ń mí. Bí atẹ́gùn kò bá wọlé lókè, epo kò ní sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti fún un lọ́rùn. Ta ló di í?"

Bàbá wo igbó, ó wo òkè. "Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí omi òjò." Ó gba ìdérí náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àti nítorí tìẹ."

Bí wọ́n ṣe padà dé Arámọkọ, bàbá kò sọ̀ kalẹ̀ nílé. Iwájú ẹgbẹ́ ló lọ tààrà, ó ní kí gbogbo wọn gbọ́. "Sherifdeen kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo ṣìṣe." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbé ọwọ́ sókè pé òun kò tíì parí. "Títí di òní ni mo wí o, èmi kò sọ ti ọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé iṣu ńlá wá fún Nurat, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun náà. Ó fi kún un pé kí ó là á wò dáadáa kó tó sè é, pé òun kò mọ ọwọ́ àgbẹ̀ tó tà á.

Nígbà tí àìsàn gbé e dé ọsibítù, kò yí padà. Nọ́ọ̀sì Abigail gbé omi tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára kọ́, bàbá sì tẹjú mọ́ ọn láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ẹ ti jẹ́ kí ìyẹn fara balẹ̀?"

"Bàbá, ẹ má bẹ̀rù. Omi lásán ni."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," ni bàbá wí.

Ó kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, Sherifdeen lọ kí Rebecca, opó rẹ̀. Wọ́n jọ sọ àwọn ìtàn wọ̀nyí títí omijé ẹ̀rín fi bọ́ lójú wọn. Ìyá wá nu ojú rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé kò sí àárọ̀ kan tí kì í dárúkọ rẹ nínú àdúrà? Bó bá ti gbàdúrà fún àwọn ọmọ tán, ìwọ ló kàn. Á ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ."

Sherifdeen bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé wọ́n tún fẹjọ́ mi sun Ọlọ́run ni?"

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní ojoojúmọ́ lò ń gun ọ̀kadà ọlọ́kadà lójú títì láti dán an wò, pé àwọn tó ni wọ́n kì í yẹ nǹkan wọn wò dáadáa. Ó ní ojú òun nìkan kò tó ọ ṣọ́."

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Sherifdeen, ṣùgbọ́n kò lè rín in mọ́. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.