Etí Tí Mo Fi Pamọ́

Etí òsì mi kì í gbọ́ràn. Kì í ṣe pé kò gbọ́ dáadáa o, kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ó tú ọyún nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nígbà tó sì fi máa gbẹ, ó ti kú pátápátá. Ẹ wá wo èmi tí mo gbé irú etí bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn jẹun!

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní kí kálukú wa lọ ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta níta, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì buwọ́ lu ìwé wa. Ẹni tí ọ̀gá bá lé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá mi kò fẹ́ kí obìnrin kọ́ṣẹ́ wáyà àti iná láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá lé mi pẹ́nrẹ́n, ilé-ìwé parí nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá ní Ṣàgámù bi mí pé, "Ṣé etí rẹ mú?" mo dáhùn pé, "Ó mú gan-an, sà." Irọ́ gbuu.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu máìkì láti fi dán an wò. Ìgbà yẹn ni ẹ máa mọ̀ pé ó lè pariwo. Òun ló ń gbé ẹ̀rọ lọ fún àwọn ìjọ àti ilé-ìwé láti Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Ìsarà. Ó kọ́ mi pé a kì í fi máìkì kọjú sí sípíkà, nítorí ẹ̀rọ á han gooro. "Bó bá han, dín ohùn rẹ̀ kù kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú."

Èmi náà ní ọgbọ́n tèmi. Mo máa ń rí i pé apá ọ̀tún mi ló wà nígbà gbogbo. Bó bá yí, èmi náà á yí. Bó bá sì rán mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ, n kò lè gbẹ́kẹ̀ lé etí ara mi. Màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá àgbà tó jókòó níbẹ̀, màá ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ ń gbọ́ wọn?" Bí wọ́n bá ní, "Mé gbọ́ o, ọmọ mi," màá lọ yí sípíkà sọ́dọ̀ wọn, màá tún padà wá bi wọ́n. Ẹ̀rù ló ń mú mi ṣe é.

Ìsarà ni àṣírí ti tú, lọ́jọ́ ìkórè. Máìkì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún àlùfáà, ọ̀kan fún àwọn akọrin. Ọ̀gá ní kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ, òun sì lọ dúró létí ògiri. Bí ìwàásù ṣe gbóná, ẹnìkan nínú àwọn akọrin ti ọ̀pá máìkì wọn, ó kọjú sí sípíkà, ni ẹ̀rọ bá han. Bọ́tìnnì àlùfáà ni mo yí wálẹ̀. Ohùn àlùfáà pòórá, ẹ̀rọ ṣì ń han, àwọn èèyàn ń di etí. Ọ̀gá ń pè láti apá òsì mi pé, "Ti akọrin! Ti akọrin ni!" Wọ́n ní ó pè tó ìgbà mẹ́ta. N kò gbọ́ ẹyọ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré wá pa á.

"Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé ó ti dákẹ́," ni àlùfáà wí, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín o.

Nígbà tí a ń ká wáyà, mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, etí òsì mi kì í gbọ́ràn. Mo parọ́ fún yín."

Kò dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí mo bá dúró lápá ibẹ̀, ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo rò pé wàá sọ fún mi." Ó so wáyà náà. "Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣáájú rẹ, etí wọn mú. Bí mo bá rán wọn lọ sẹ́yìn, wọ́n á ní ó ń dún. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí o ti dé, kò sí ìyá kan tó wá bá mi pé òun ò gbọ́ ìwàásù. Dìde. Èmi náà jẹ̀bi lónìí, mo mọ apá tó yẹ kí n dúró sí."

Mo sunkún nínú ọkọ̀ rẹ̀ títí a fi dé ojú márosẹ̀, kò sì tì mí lójú. Ara mi fúyẹ́, ó ṣe mí bíi kí n máa kọrin. Nígbà tí a sún mọ́ oríta Ṣàgámù, ó sọ̀rọ̀ kan níbi tó ti ń wakọ̀ lápá òsì mi, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù sì gbé e lọ.

"Sà?" Mo kórìíra kí n máa ní kí èèyàn tún ọ̀rọ̀ sọ. Láti kékeré, bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á jágbe mọ́ mi, tàbí kí wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá yà kúrò lójú títì. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọjá, ó wá yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

"Mo ní, ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ náà ni wàá jókòó sídìí ẹ̀rọ."

"Mo ti gbọ́, sà," ni mo wí.